Òǹgbẹ ń Gbẹ Ásíìdì

Oṣù kẹta ọdún ni, òjò àkọ́rọ̀ kò tíì rọ̀, ilẹ̀ Òkè-Ògùn sì gbẹ táútáú, nígbà tí mo gbé bátìrì ọkọ̀ mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń cháàjì bátìrì ní Ṣakí. Abẹ́ páànù ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, lẹ́bàá ọ̀nà. Ó to bátìrì mẹ́jọ sórí pákó gbọọrọ kan, ó fi wáyà so wọ́n mọ́ra bí ewúrẹ́ ọjà. Gbogbo ihò orí wọn ló ṣí sílẹ̀, omi inú wọn ń yọ ìfófò wẹ́wẹ́, òórùn kan sì ń bá a jáde tó ń ta ènìyàn ní imú àti ọ̀fun. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀ ti lu láti àyà dé ìdodo, àfi bí asẹ́.

Kẹ́ẹ̀gì kan wà lẹ́yìn bẹ́ǹṣì. Ásíìdì ògidì ló wà nínú rẹ̀, èyí tí kò tíì fojú kan omi. Ọ̀gá náà ti rọ díẹ̀ sínú ike kan. Bí ó ṣe yíjú sí mi kí a lè jọ dúnàádúrà, ọmọ yẹn gbé kọ́ọ̀bù omi, ó fẹ́ dà á lé ásíìdì náà lórí. Igbe ni mo gbọ́:

"Gbé e kalẹ̀! Gbé e kalẹ̀ kíá! Ṣé o fẹ́ fọ́jú ni? Ásíìdì là ń dà sínú omi! A kì í da omi sínú ásíìdì!"

Ọmọ náà gbé kọ́ọ̀bù kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá." Ìgbà tí ara ọ̀gá rọlẹ̀, mo bi í pé kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ásíìdì ni a ó dà sínú omi. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kàwé o. Èmi mọ̀ pé bó bá dà á báyẹn, ó máa ta sí i lójú. Bí ọ̀gá tèmi ṣe kọ́ mi nìyẹn, mi ò sì bi wọ́n."

Òfin tó bá gba ojú ọmọ ọlọ́mọ là, òfin gidi ni, ì báà má ní àlàyé kankan. Ṣùgbọ́n òfin tí a kò mọ ìdí rẹ̀ tètè máa ń bọ́ lórí ẹni nígbà tí iṣẹ́ bá wọra, tí oníbàárà ń pariwo, tí ọ̀gá sì ti lọ jẹun. Ohun tó yẹ kí n sọ fún ọmọ yẹn lọ́jọ́ náà ni mo jókòó kọ yìí.

Ásíìdì kì í ṣe àjèjì sí wa. Ohunkóhun tó bá kan lẹ́nu, ásíìdì ló mú un kan. Ọsàn wẹ́wẹ́ ní tirẹ̀, fùfú ní tirẹ̀, wàrà àwọn Fúlàní tó ti sùn ní tirẹ̀. Omíkan tó máa ń dá lórí ògì, tí àwọn àgbà fi ń rẹ àgbo, ásíìdì inú rẹ̀ àti ti inú wàrà kíkan, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí omíkan bá kan jù, a ó bu omi lé e. Kò ní gbóná, kò ní ta sí ẹnikẹ́ni lára, kíkan rẹ̀ á kàn dínkù ni. Ìdí ni pé omíkan ti mu omi yó tipẹ́tipẹ́. Ásíìdì inú rẹ̀ kò ju ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ lọ, omi ni gbogbo ìyókù.

Ti inú kẹ́ẹ̀gì yẹn yàtọ̀. Ásíìdì sọ̀fúríìkì ni orúkọ rẹ̀, inú imí ọjọ́ ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Wọ́n á jó imí ọjọ́ títí yóò fi di èéfín, wọ́n á tún jẹ́ kí èéfín yìí gba afẹ́fẹ́ sí i, lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá sọ ọ́ di olómi. Ògidì rẹ̀ kò ní àwọ̀, ó ki bí òróró, ó sì wúwo ju bí ojú ṣe rí i lọ. Lítà kan omi, kílò kan ni. Lítà kan ásíìdì yìí wọn kílò 1.84. Nínú 100 ìpín rẹ̀, ásíìdì ni 98, omi kò ju 2 lọ. Ohun tó fà á tí òǹgbẹ fi ń gbẹ ẹ́ nìyẹn.

Mo mọ̀ pé ásíìdì kò ní ọ̀fun, ṣùgbọ́n n kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá ìwà rẹ̀ mu tó bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá gbàgbé ìgò rẹ̀ ní ṣíṣí nínú oṣù kẹjọ, tí ọ̀rinrin kún inú afẹ́fẹ́, ásíìdì náà yóò máa fa ọ̀rinrin yẹn mu títí tí yóò fi pọ̀ sí i nínú ìgò. Ẹlòmíràn á rò pé ẹnì kan ló wá da nǹkan sí i. Afẹ́fẹ́ ló ti ń mu omi.

Níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi, ṣúgà ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. N ó da ṣúgà funfun sínú ife onígíláàsì kékeré kan, tí yóò dé ìdajì ife, n ó gbé ife náà sẹ́nu fèrèsé, àwọn ọmọ á sún sẹ́yìn. N ó wá rọ ásíìdì ògidì lé e díẹ̀díẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, kò ní sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ṣúgà á pọ́n bí ìyeyè, á di àwọ̀ ilẹ̀, á dúdú, á bẹ̀rẹ̀ sí í ru sókè bíi búrẹ́dì inú ààrò, ooru gbígbóná á máa rú jáde lára rẹ̀, títí ọ̀pá èédú kan yóò fi yọrí jáde lẹ́nu ife. Bí ó bá tutù tán, tí a bá fọwọ́ onírọ́bà fọ́ ọ, èédú ni lóòótọ́. Níbo ni èédú ti wá nínú ohun funfun? Inú ṣúgà náà ló wà tẹ́lẹ̀. Kábọ̀n, háídrójìn àti ọ́síjìn ló para pọ̀ di ṣúgà, háídrójìn àti ọ́síjìn sì ni omi. Òǹgbẹ ásíìdì le débi pé nígbà tí kò rí omi mu, ó fa ohun tó ń jẹ́ omi yọ kúrò lára ṣúgà, ó sì fi èédú sílẹ̀. Bí ó ti ń ṣe ṣúgà ni ó ń ṣe igi, ni ó ń ṣe òwú, ni ó sì ń ṣe awọ ara ènìyàn.

Mo máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ wo èédú yẹn fún ìgbà pípẹ́ kí n tó sọ̀rọ̀.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí irú ohun báyìí bá pàdé omi gan-an? Wọ́n á fa ara wọn mọ́ra pẹ̀lú agbára. Ásíìdì ń fi háídrójìn rẹ̀ lé omi lọ́wọ́, omi sì ń rọ̀gbà yí ohun tó kù ká. Agbára tó ti wà nínú wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò wúlò fún wọn mọ́ nísinsìnyí tí wọ́n ti di ọ̀kan, ó sì ń jáde bí ooru. Ooru náà kì í ṣe kékeré. Bí a bá fẹ́ fi ásíìdì ògidì lítà kan po irú èyí tí a ń dà sínú bátìrì tuntun, nǹkan bíi lítà 3 omi ni yóò gbà. Ooru tó ń jáde nínú pípò yìí nìkan tó láti gbé lítà 3 omi láti 30°C, bí ó ṣe máa ń wà nínú àmù wa, títí yóò fi hó. Kò sí igi ìdáná níbẹ̀ o, kò sí gáàsì. Ohun mìíràn tó máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu ni pé lítà 1 àti lítà 3 yìí kì í pé 4 bí wọ́n bá pò tán. Nǹkan bíi lítà 3.8 ni. Kò sí èyí tó ṣòfò. Wọ́n dì mọ́ra wọn pẹ́kípẹ́kí ni.

Ibi tí a ti ń dé ìdí òfin ọ̀gá yẹn rèé. Ìyá tó ń din àkàrà yóò yé e ju gbogbo wa lọ. Bí epo bá ti gbóná lórí iná, tí omi tó ṣẹ́kù lára síbí bá kán sí i, ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Omi yẹn kò ju ẹ̀kán kan lọ, ṣùgbọ́n yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà, yóò di ooru, yóò sì fọ́n epo ká. Epo ló ń jó ìyá náà lápá, kì í ṣe omi. Bí a bá da omi sórí ásíìdì, omi fúyẹ́, kò ní lè wọlẹ̀ kíákíá, òkè ni yóò wà. Ibi tí àwọn méjèèjì ti fẹnu kora ni gbogbo ooru yẹn yóò ti jáde, lára omi tí kò ju díẹ̀ lọ. Omi díẹ̀ yẹn yóò hó lójijì, ásíìdì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni yóò sì gbé fò. Ojú ẹni tó tẹ orí ba wo ohun tó ń ṣe ló ń lọ tààrà.

Bí ó bá wá jẹ́ omi ló ti wà nílẹ̀, tó sì pọ̀, tí ásíìdì ń kán wọ inú rẹ̀ ní tín-ín-rín, ásíìdì wúwo, yóò rì wọ ìsàlẹ̀. Yóò máa fọ́n káàkiri inú omi bí ó ti ń lọ, gbogbo omi inú ike ni yóò sì jọ pín ooru rẹ̀ gbà. Kò sí ibì kan tí ooru yóò ti pọ̀ jù débi tí yóò fi ta. Síbẹ̀, kí a dà á díẹ̀, kí a fi igi onígíláàsì rò ó pẹ̀lẹ́, kí a dúró kí ó tutù, kí a tó tún dà sí i. Ẹni tó bá da gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ì báà dà á sínú omi, yóò rí i pé àdàlù náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ hó mọ́ ọn lọ́wọ́, ike rẹ̀ sì lè rọ̀ kí ó sì yọ́ wómúwómú.

Nígbà tí ooru yìí bá lọlẹ̀ tán, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé omi ti pa ásíìdì náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Omi ti pa òǹgbẹ rẹ̀ ni, ó sì ti jí ìwà rẹ̀ mìíràn. Inú dúrọ́ọ̀mù irin ni wọ́n ń gbé ògidì ásíìdì sọ̀fúríìkì sí kiri ayé, irin náà kì í sì í tètè bàjẹ́. Bí wọ́n bá ti pò ó mọ́ omi kí wọ́n tó dà á sínú irú dúrọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin náà, yóò sì máa tú háídrójìn jáde pẹ̀lú ìfófò. Kí omi tó dé, háídrójìn ásíìdì náà wà ní dídè mọ́ ọn lára. Omi ló tú u sílẹ̀, tó sì fún un láyè láti máa rìn, láti máa gbé iná mànàmáná kiri. Èyí tó ní nǹkan bí 30 ìpín ásíìdì nínú 100 ń gbé iná kọjá ní ìlọ́po-ìlọ́po ju ògidì lọ.

Ọmọ orílẹ̀-èdè Sweden kan, Svante Arrhenius, ló kọ́kọ́ fìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀, pé nínú omi ni àwọn nǹkan bí iyọ̀ àti ásíìdì ti ń pín sí ẹyọ-ẹyọ tó ń gbé iná. Ọdún 1884 ló gbé e síwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì Uppsala. Wọn kò kà á sí, máàkì tí wọ́n fún un kò dára. Ní 1903, iṣẹ́ yìí kan náà ló fi gba ẹ̀bùn Nobel. Ní 1909, Søren Sørensen tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí àwọn apọntí Carlsberg ní Copenhagen ṣe òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn kíkan, èyí tí à ń pè ní pH. Omi tó mọ́ gaara wà ní 7, ohun tó bá kan ń lọ sísàlẹ̀ 7. Inú mi máa ń dùn sí i pé ìdí ọtí ni ọ̀rọ̀ kíkan ti rí òṣùwọ̀n rẹ̀, nítorí ìdí ògì àti ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ̀ ni àwọn ìyá wa náà ti mọ kíkan dáadáa, tí wọ́n ń fi ahọ́n wọn wọ̀n ọ́n.

Ohun kan tí ó yẹ kí a mú nínú òṣùwọ̀n yẹn ni pé ìlọ́po mẹ́wàá ni ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí a bá bu omi sí ásíìdì líle títí tó fi di ìlọ́po mẹ́wàá, ìpele kan ṣoṣo ló kúrò lórí kíkan rẹ̀. Ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, ìpele méjì. Ẹni tó da ásíìdì bátìrì sílẹ̀, tó wá da garawa omi kan lé e lórí, tó ní ó ti tán, kò tíì tán. Ohun tó ń pa kíkan ní tòótọ́ ni òdìkejì rẹ̀. Eérú jẹ́ ọ̀kan. Omi eérú tí àwọn aláró ń sẹ́ sínú ìkòkò ẹlú láyé àtijọ́, ní Ìsẹ́yìn níbi tí aṣọ òkè ti gbajúmọ̀ àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, òdìkejì ásíìdì gan-an ni. Òkúta mábù tí wọ́n ń wà ní Ìgbẹ́tì náà ń pa á. Bí ẹ bá lọ̀ ọ́ kúnná tí ẹ dà á sórí ásíìdì, yóò hó ṣùẹ̀ṣùẹ̀, gáàsì á jáde, kíkan á sì rọlẹ̀. Nítorí náà, ilẹ̀ tí ásíìdì bá dà sí, eérú púpọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kù sí i, kí omi tó tẹ̀lé e. Ilẹ̀ ni mo wí o, kì í ṣe ara ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sídìí bátìrì, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ omi àti ásíìdì ti kan ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ rárá. Lónìí, láti Ṣakí dé Ìgbòho, láti Ìsẹ́yìn dé Kíṣì, ilé tí kò ní ọkọ̀ ń ní bátìrì, torí iná ọba kì í dúró, sólà sì ti dé orí òrùlé. Àwọn bátìrì ńláńlá tó ga bí orókún, tó ní ihò mẹ́fà lórí, irú èyí tí ọ̀gbẹ́ni Gaston Planté kọ́kọ́ ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní 1859 ni wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti tún un ṣe lọ́nà púpọ̀. Òjé ni pélébé inú rẹ̀, inú ásíìdì àti omi ni wọ́n sì rì wọ́n sí.

Bí bátìrì bá kún, àdàlù inú rẹ̀ wúwo tó nǹkan bí 1.28 ìlọ́po omi. Àwọn ríwáyà, àwọn tó ń ṣe iná ọkọ̀, á ní ó wà ní 1280. Bí a ti ń lò ó, ásíìdì ń wọ inú òjé lọ, omi ni ó sì ń fi sílẹ̀ sínú ihò náà. Nígbà tí iná bá kú tán pátápátá, ìwúwo yẹn á ti sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí 1.12. Bí a bá cháàjì rẹ̀, ásíìdì á tún jáde láti inú òjé padà sínú omi. Ohun tí ọ̀gá yẹn fi ń wò ó kò ju ọ̀pá gíláàsì kan tí rọ́bà wà lórí rẹ̀. Ó tẹ rọ́bà, ó kì í bọ ihò àkọ́kọ́, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, omi bátìrì fà wọlé, kiní kékeré kan tó ní àwọ̀ mẹ́ta sì léfòó nínú rẹ̀. Ó gbé e sókè ojú oòrùn. Pupa ló yọ. Ó mi orí. Ó kì í bọ ìkejì, pupa náà ni. Ìkẹta rè é, omi ibẹ̀ kò tilẹ̀ bo òjé mọ́. "Tíṣà," ó ní, "ìgbà wo lẹ ti da omi sí bátìrì yìí gbẹ̀yìn?" N kò lè dáhùn.

Ohun tí n kò ṣe nìyẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í sì í ṣe é. Nígbà tí bátìrì bá ń gba cháàjì, omi inú rẹ̀ ń pín sí háídrójìn àti ọ́síjìn, wọ́n sì ń bá ihò orí rẹ̀ fò lọ. Ooru tiwa ní Òkè-Ògùn, láti oṣù kejì dé oṣù kẹrin, ń mú kí ó yára sí i, pàápàá bátìrì tí a gbé sí abẹ́ páànù tí kò ní àjà. Ásíìdì kì í fò lọ ní tirẹ̀. Ibẹ̀ ló wà, tó ń ki sí i bí omi ti ń dínkù. Nítorí náà, bí ojú omi bá ti sọ̀ kalẹ̀, omi ló tán, omi nìkan ni a ó dá padà. Ẹni tó bá da ásíìdì sí i pé kí ó lè lágbára ti sọ èyí tó ki tẹ́lẹ̀ di èyí tó tún ki jù, òjé inú rẹ̀ ni yóò sì jẹ títí yóò fi rún. Mo ti rí bátìrì sólà olówó ńlá tí kò lò ju ọdún kan ààbọ̀ lọ, tí ẹni tó wá ṣe é ń rọ ásíìdì sí i ní oṣooṣù.

Kì í ṣe omi gbogbo ni omi bátìrì. Orí àpáta ni ọ̀pọ̀ ìlú Òkè-Ògùn wà, omi kànga àti bóhóòlù wa sì ti gba ara àpáta yẹn kọjá, ó ti fọ iyọ̀ àti irin lára rẹ̀. Omi inú ọ̀rá tí à ń pè ní píọ̀wọ́tà, mímu ni wọ́n ṣe é fún. Ó mọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀ tó ń dí òjé lójú. Omi tí wọ́n sè, tí wọ́n gba ooru rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ kí ooru náà tún di omi, tí wọ́n ń tà nínú ike ní ìsọ̀ àwọn ríwáyà, òun ni kí a rà. Lẹ́yìn tí bátìrì bá gba cháàjì tán ni kí a dà á dé ojú àmì. Bí a bá kún un ṣáájú, yóò ru jáde bó bá ń gbóná, ásíìdì á sì bá a jáde.

Háídrójìn tó ń fò lọ yẹn gba ìkìlọ̀ tirẹ̀. Kò ní òórùn, a kò lè fojú rí i, ṣùgbọ́n bí ó bá ti tó 4 nínú 100 ìpín afẹ́fẹ́ yàrá, ẹ̀ta iná kan lásán tó láti mú un bú gbàmù. Ẹni tó bá fẹ́ wo inú ihò bátìrì lóru, kí ó lo tọ́ọ̀ṣì. Kí ó má ṣá ìṣáná, kí ó má tan àbẹ́là. Yàrá tí bátìrì sólà wà gbọ́dọ̀ ní fèrèsé tó ṣí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa sùn síbẹ̀.

Mo ṣèlérí nínú ara mi pé n ó sọ ìdí tí ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ yẹn fi lu. Ásíìdì bátìrì tó ti ní omi kì í jẹ aṣọ lójú ẹsẹ̀. Ó ta sí ọmọ náà lára, ọmọ náà fọwọ́ nù ún, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Oòrùn wá fa omi inú ẹ̀kán yẹn lọ, ásíìdì dúró, ó ń ki sí i, òǹgbẹ rẹ̀ sì padà dé. Ó bá kọjú sí òwú bí ó ti kọjú sí ṣúgà lọ́jọ́sí. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bá fọ aṣọ náà, ihò á ti wà níbẹ̀. Ohun tó ń ṣe aṣọ lè ṣe awọ, ojú ló sì tètè ń bà jẹ́ jù. Pélébé òjé inú bátìrì náà kò ṣeé fi ọwọ́ lásán kó, torí òjé burú fún ọpọlọ ọmọdé, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni da omi bátìrì àtijọ́ sí gọ́tà tí adìyẹ àti ọmọ wẹ́wẹ́ ń ṣeré nínú rẹ̀.

Bí ásíìdì bá wá ta sí ènìyàn lára ńkọ́? Omi ni. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ti ń bá mi bọ̀ yóò béèrè pé, ṣebí ìwọ lo ní a kì í da omi sí ásíìdì? Òótọ́ ni, ìbéèrè ọlọ́gbọ́n sì ni. Ohun tó fà á tí ásíìdì fi ń ta ni pé omi díẹ̀ bá ásíìdì púpọ̀. Lára ènìyàn, ásíìdì ló kéré. Bí omi bá pọ̀, tó ń ṣàn láìdúró, yóò gbé ásíìdì náà lọ, yóò sì gbé ooru rẹ̀ lọ pẹ̀lú. Omi kọ́ọ̀bù kan ni kò dára níbẹ̀, tàbí àkísà tútù tí a fi ń nu ún. Ẹ bọ́ aṣọ tó ta sí kúrò, ẹ da omi mímọ́ lé ibẹ̀ láìdáwọ́ dúró fún ó kéré tán 20 ìṣẹ́jú. Bí ó bá jẹ́ ojú ni, ẹ fi ọwọ́ ya ìpéǹpéjú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí omi ṣàn kọjá lórí ẹyin ojú náà, ì báà máa sunkún, kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fi epo pupa pa á. Ẹ má fọ́ ẹyin adìyẹ sí i, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín lẹ̀ ẹ́, ẹ má sì kù eérú sí i. Bí eérú àti ásíìdì bá pàdé lára awọ, ooru mìíràn ni wọn yóò tún dá síbẹ̀. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù, ẹni tó bá sì ń wá epo kiri nínú ìṣẹ́jú yẹn ti pàdánù rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń cháàjì bátìrì, ẹ̀yin ríwáyà, ẹ̀yin tó ń to sólà sórí ilé, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ bá dé ìsọ̀ yín, kí ó tó fọwọ́ kan kẹ́ẹ̀gì, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ẹ fi epo àkàrà ṣe àpẹẹrẹ, yóò yé e. Ẹ ra awò tó bo ojú àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà fún un, kí ẹ má sọ pé kí ó lọ rà á fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá lè rí èyí tí wọ́n ti pò láti ilé iṣẹ́ rà, ẹ rà á, kí ẹ jáwọ́ nínú ògidì pátápátá. Kí ẹ sì gbé garawa omi mímọ́ méjì sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ìsọ̀ yín ní àràárọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi fọwọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi fọ ọkọ̀ oníbàárà. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi bomi rin igi tó wà níwájú ìsọ̀, kí ẹ pọn òmíràn lọ́jọ́ kejì.